Ewé, Egbò àti Òdiwọ̀n: Ìtàn Ìwòsàn Ìbílẹ̀ ní Ìkòsí, Kétu àti Àgbóyì

   

Ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú wa yìí kì í ṣe èyí tí àwa oníwáàsí sábà máa ń fi odindi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ ewé ni. Bí a bá ti dárúkọ ewé àti egbò láàárín àwa Mùsùlùmí, àwọn kan á ní ẹbọ ni, kí á má tilẹ̀ sọ ọ́. Àwọn mìíràn á ní ìbílẹ̀ wa ni, ohun tí bàbá ńlá wa mu tí kò pa á, kò lè pa àwa náà. Èmi kò gbà pẹ̀lú àwọn ti ìkínní, n kò sì gbà pẹ̀lú àwọn ti ìkejì. Ìtàn ni mo fẹ́ fi ṣe àlàyé ara mi, nítorí pé bí a bá wo ìtàn agbègbè wa yìí dáadáa, láti Ìkòsí dé Kétu títí dé Àgbóyì, a ó rí i pé ewé gan-an kọ́ ni ó ń bọ́ lọ́wọ́ wa. Ewé ṣì wà. Òdiwọ̀n rẹ̀ ni ó ń sọnù, àti ẹni tí yóò dáhùn bí ó bá ṣe aláìsàn ní jàǹbá.

Ẹni tí ó bá dé Mile 12 lónìí, ọkọ̀, tòmátò, ata rodo àti ariwo ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Orúkọ ibẹ̀ gan-an, títì ló bí i: máìlì méjìlá sí Èkó. Ṣùgbọ́n kí títì tó dé, odò ni ọ̀nà. Odò Ògùn, tí ó ti òkè Ọ̀yọ́ ṣàn wá, tí ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí ló ń gbà wọ inú ọ̀sà. Ìṣẹ̀rí wà létí odò yẹn, níbi tí àwọn àgbà Àwórì ti ń sọ ìtàn Ọlọ́fin Ògúnfúnminire àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ lé àwo lórí omi. Àgbóyì wà láàárín omi, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n sì ń wọ̀ dé ibẹ̀ títí di òní. Ìletò àgbẹ̀ àti apẹja ni gbogbo ibí yìí jẹ́ nígbà náà: oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo lórí ilẹ̀ gbígbẹ, igi ògùrọ̀ àti ẹrẹ̀ nísàlẹ̀, igbó láàárín méjèèjì.

Nínú irú ìletò bẹ́ẹ̀, oògùn kì í jìnnà sí ènìyàn. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni efinrin máa ń hù sí, ewúro wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, rinrin ń hù níbi tí omi bá ti ń dà sílẹ̀, lápálàpà ni wọ́n fi ń ṣe ọgbà yí ilé ká. Inú ń run ọmọ, ìyá rẹ̀ á já efinrin, á fi omi fọ̀ ọ́, á fún un mu díẹ̀. Ìgbẹ́ kò yọ fún àgbàlagbà, wọ́n á wá ewé asúnwọ̀n. Ibà dé, wọ́n á se èèpo awọ́pa tí omi rẹ̀ máa ń pọ́n bí àtalẹ̀ pupa, tàbí ewé orúwọ tí ó korò bí nǹkan míì. Gbogbo ìyá ló mọ èyí. Kò sí awo níbẹ̀, kò sì sí ẹbọ.

Àwọn tí ìmọ̀ tiwọn jù báyìí lọ tún wà. Eléwé ọmọ ń bẹ lọ́jà, tí ó mọ ewé aboyún yàtọ̀ sí ti ọmọ ọwọ́. Onísègùn ń bẹ nílé, tí ó jogún iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá tàbí ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tí wọ́n so ewé pọ̀ mọ́ Ọ̀sanyìn, mọ́ ọfọ̀ àti ètùtù. Pierre Verger, ará Faransé tí ó di babaláwo ní 1953 ní Kétu ti ilẹ̀ Benin (kì í ṣe Kétu tiwa yìí o), kó irú àpèjúwe wọn jọ sínú ìwé ńlá kan tí ó jáde ní 1995. Ó ṣàkíyèsí pé orúkọ ewé àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè sí i máa ń dún bákan náà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà àwa Mùsùlùmí ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, oògùn, ni Yorùbá fi ń pe méjèèjì: àgbo tí a sè fún ibà, àti ohun tí a sin mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nítorí ọ̀tá. Ohun méjì ni wọ́n. Àwọn Ààfáà wa àtijọ́ tí wọ́n sọ pé a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọfọ̀, wọn kò sọ pé kí á má sè ewúro.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu. Ohun tí à ń pè ní ìbílẹ̀ yìí, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló wà níbí láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ẹ wo dóńgóyárò tí kò sí àdúgbò tí kò sí, tí àgbo ibà kì í sì í fẹ́ẹ́ pé láìsí i. Igi ilẹ̀ India ni. Ní 1928 ni wọ́n mú irúgbìn rẹ̀ láti Ghana lọ gbìn ní Borno. Orúkọ Hausa ni ó sì bá rìn dé ọ̀dọ̀ wa: dogon yaro, ọmọkùnrin gíga. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún péré nìyẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń búra pé oògùn bàbá ńlá àwọn ni. Ìbẹ́pẹ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó, tí a máa ń fi ewé ọ̀kan àti èèpo èkejì sí àgbo, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá. Kànáfùrù wá láti erékùṣù Indonesia, àwọn oníṣòwò Lárúbáwá ló ń gbé e kiri ayé, orúkọ tí wọ́n ń pè é, qaranful, ni ó di kànáfùrù lẹ́nu wa. Àlùbọ́sà tí ẹ ń rí nínú àpò pupa ní ọjà Mile 12, al-basal ni Lárúbáwá ń pè é, Hausa pè é ní albasa, ó kù fún Yorùbá láti fi ohùn tiwọn sí i. Nítorí náà, àwọn àgbà wa kò bẹ̀rù ewé àjèjì. Bí ó bá dé, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, bí ó bá ṣiṣẹ́, wọ́n á gbà á.

Ẹ̀sìn wa náà ò sì sọ pé kí á má ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí kò gbọ́ hadíìsì habbatu-s-sauda rí láàárín wa, ó wà nínú Bukhari àti Muslim. Ọ̀rọ̀ oyin wà nínú Kùránì Alápọ̀nlé fúnra rẹ̀. Ibnu Qayyim, tí ó kú ní 751 Hijira (1350), kó ọ̀rọ̀ ìwòsàn Ànábì jọ sí abala ńlá kan nínú ìwé rẹ̀ Zadul-Ma'ad. Ṣáájú rẹ̀ ni Ibnu Sina, tí ó kú ní 1037, ti kọ Qanun tí àwọn òyìnbó fi kọ́ iṣẹ́ dókítà ní ilẹ̀ wọn fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ibnul-Baytar, ọmọ ilẹ̀ Andalusia tí ó kú sí Damasku ní 1248, rin ilẹ̀ púpọ̀ nítorí ewé, ó sì to nǹkan bí 1,400 ewé àti èròjà ìwòsàn sínú ìwé rẹ̀, ó ń sọ èyí tí òun rí pẹ̀lú ojú àti èyí tí òun kàn gbọ́. Mo fẹ́ràn èyí lọ́dọ̀ rẹ̀ ju ohunkóhun lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀nà jíjìn nìkan ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti jáde. Sultan Muhammad Bello ti Ṣókótó, ọmọ Shehu Uthman dan Fodio, tí ó kú ní 1837, kọ ìwé lórí ìwòsàn. Ọ̀kan nínú wọn dá lé àìsàn ìdí, èyí tí àwa ń pè ní jẹ̀díjẹ̀dí. Ó kọ òmíràn lórí sana, ewé tí hadíìsì inú Tirmidhi àti Ibnu Majah dárúkọ. Ẹ wá gbọ́ o: sana yẹn àti asúnwọ̀n ẹ̀yìn ilé wa, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ìdílé kan náà ni àwọn onímọ̀ ewéko kó wọn sí, Senna ni orúkọ ìdílé náà. Ní 1988, àwọn onímọ̀ ìpoògùn láti Fásitì Ifẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí jáde pé ewé asúnwọ̀n lè rọ́pò sana tí ilé ìpoògùn òyìnbó ń lò láti mú kí ìgbẹ́ yọ. Èyí tí bàbá àgbà ń já ní Ìkòsí àti èyí tí Sultan ń kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Ṣókótó, wọn kò jìnnà síra wọn.

Níbo wá ni ìyàtọ̀ wà? Sultan kọ tirẹ̀ sílẹ̀. Bàbá àgbà ò kọ ọ́. Òdiwọ̀n tirẹ̀ wà lọ́wọ́ àti lójú: ẹ̀kúnwọ́ kan, ìdì kan, àwo kékeré kan láàárọ̀, kí ẹ dá a dúró bí ìgbẹ́ bá ti yọ. Irú òdiwọ̀n yẹn máa ń ṣiṣẹ́ ní ìletò, nítorí pé ẹni tí ó fún ọ ní àgbo, ará ilé kejì ni. Ó mọ̀ bóyá o lóyún, ó mọ ohun tí o jẹ lánàá, yóò sì tún rí ọ ní ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá yí sí òdì, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n máa bọ̀. Òfin ẹ̀sìn wa mọ ọ̀rọ̀ yìí dunjú: hadíìsì kan wà nínú Abu Dawud tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó bá ń ṣe ìṣègùn láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀ ọ́n mọ iṣẹ́ náà, òun ni yóò ru ẹrù jàǹbá tí ó bá ṣẹlẹ̀. Àwọn onímọ̀ fiqhi kọ́ ìlé lórí rẹ̀. Onísègùn tí wọ́n mọ̀, tí ó sì ṣe é bí ó ti yẹ, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

A kì í fi ojú kan wo ìtàn, nítorí náà ó di dandan kí á sọ èyí tí kò dára. Ọ̀rọ̀ gìrì ni. Nígbà tí ara ọmọ bá gbóná gan-an, tí ó bá ń gbọ̀n, tí ó ń yí ojú, ẹ̀rù a máa ba gbogbo ilé. Láti ọjọ́ pípẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, àgbo kan wà tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀: ìtọ̀ màálù ni wọ́n fi ń rẹ ewé tábà, ààyù, efinrin, ọsàn wẹ́wẹ́, àlùbọ́sà àti iyọ̀, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ sínú igo, wọ́n á gbé e pamọ́ de ọjọ́ tí gìrì bá dé. Ìyá tí ó ní igo yẹn nílé, wọ́n máa ń kà á sí ìyá tí ó gbọ́n. Àwọn dókítà Ìbàdàn rí i pé ọmọ tí wọ́n bá rọ èyí fún kì í fẹ́ẹ́ mí dáadáa mọ́, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a wálẹ̀ gan-an, gìrì tí wọ́n fẹ́ mú kúrò a tún le sí i. Àwọn kan kú. Àwọn kan yè é, ṣùgbọ́n ọpọlọ wọn kò padà bọ̀ sípò. Ní àwọn ọdún 1970, Fásitì Ìbàdàn yẹ àgbo náà wò, wọ́n fún ajá, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí jáde.

Mo mọ̀ pé àwọn Ààfáà kan á fẹ́ ká jiyàn bóyá ìtọ̀ màálù mọ́ tàbí kò mọ́ ní mazihabu Imam Malik. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Tábà ní májèlé nínú, ọmọ ọdún méjì kò sì lè gbà á, yálà omi ni wọ́n fi rẹ ẹ́ tàbí ìtọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé efinrin inú rẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni. Àlùbọ́sà kò pa ẹnikẹ́ni. Àdàlù yẹn, àti bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́ fún ọmọ tí kò lè gbé mì, ló ń pani. Gìrì sì rèé, ibà lásán ló máa ń fà á lọ́pọ̀ ìgbà lára ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ẹni tí gìrì bá mú ọmọ rẹ̀ lóru, kí ó fi ọmọ náà dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ó má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, kí ó gbé e lọ sí ọsibítù.

Ṣé ká wá tìtorí èyí ju gbogbo rẹ̀ nù? Rárá o. Ẹ wo asòféyẹjẹ. Egbò igi yìí ni àwọn onísègùn Yorùbá fi ń tọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú, wọ́n ń fún wọn kí wọ́n lè sùn, kí ara wọn lè balẹ̀. Ní 1952, ilé iṣẹ́ oògùn kan ní Switzerland yọ èròjà kan tí wọ́n pè ní reserpine lára egbò igi India kan tí ó jẹ́ ìdílé kan náà pẹ̀lú asòféyẹjẹ. Gbogbo ayé gbá tẹ̀ lé e, fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti fún àìsàn ọpọlọ. Lára asòféyẹjẹ tiwa náà ni wọ́n ti rí i. Ọdún kejì lẹ́yìn èyí, ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àrò: àwọn aláìsàn ọpọlọ ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, wọ́n ń wá gba ìtọ́jú ní ọsibítù, Lambo sì pe àwọn onísègùn ìbílẹ̀ wá bá a ṣiṣẹ́. Kò bá wọn jà, kò sì gbé gbogbo iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́. Àwọn èèyàn wá láti òkè òkun wá wo ohun tí ó ń ṣe. Mo sì ní láti fi kún un pé asòféyẹjẹ kì í ṣe ewé eré. Ó máa ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, àpọ̀jù rẹ̀ lè mú kí ènìyàn sùn kó má jí mọ́.

Orin àtà náà ń bẹ, tí a fi ń rin ẹnu, tí a sì kà sí ọ̀kan nínú ohun tí a lè lò dípò siwaki. Àwọn olùwádìí nílẹ̀ wa ń wo bí orin ṣe ń pa kòkòrò ẹnu nígbà tí wọ́n ṣàkíyèsí pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ṣe ìdánwò ṣì pupa dáadáa níbi tí omi orin àtà bá kàn. Ní 1971, Sofowora àti Isaacs-Sodeye kọ̀wé jáde pé omi egbò náà lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tí síkù-sẹ́ẹ̀lì ti yí padà di bí ó ti yẹ nínú ìgò ìdánwò. Síkù-sẹ́ẹ̀lì yìí ni àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, kò sì sí mọ́sálásí kan ní Kosofe tí kò ní òbí tí ó ń sunkún nítorí rẹ̀.

Lórí àìsàn yìí kan náà, ìtàn mìíràn wà tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ̀. Onísègùn ìbílẹ̀ kan láti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí ó tún jẹ́ àlùfáà ìjọ Kírísítẹ́nì, ní àgbo kan tí ó ń lò fún àwọn oní-síkù-sẹ́ẹ̀lì. Ìjọba àpapọ̀ ti dá ilé ìwádìí oògùn kan sílẹ̀ ní 1987, NIPRD, tí ó wà ní Abuja. Ó gbé àgbo rẹ̀ fún wọn. Ohun mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: ìyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Kò sí èyí tí kò sí lọ́jà nínú wọn. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n mọ ìwọ̀n èyíkéyìí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n dán an wò lára ẹranko, wọ́n dán an wò lára àwọn tí ó gbà láti mu ún, wọ́n rí i pé ìrora tí ó máa ń dì wọ́n mú dínkù. Niprisan ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú onísègùn náà kí èrè má baà kọjá orí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Xechem, gba ìwé àṣẹ láti máa ṣe é, NAFDAC fọwọ́ sí i ní 2006 pẹ̀lú orúkọ Nicosan. Ní 2008, gbèsè dé ilé iṣẹ́ náà lọ́rùn, ó wọ ilé ẹjọ́, iṣẹ́ náà sì dúró. Àwọn aláìsàn tí wọ́n ti ń lò ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri.

Ó dùn mí tí mo bá ń rò ó, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó kù. Owó tán, ilé iṣẹ́ wó, ìmọ̀ náà kò kú, nítorí pé a ti kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú òdiwọ̀n. Mélòó ni irú onísègùn bẹ́ẹ̀ tí ó ti kú ní agbègbè wa yìí láìsọ fún ẹnikẹ́ni? Ọ̀pọ̀ nínú wọn pa á mọ́ nítorí ìbẹ̀rù kí àwọn ẹlòmíràn má jí i, n kò sì dá wọn lẹ́bi pátápátá.

Ní báyìí, ilẹ̀ ti yí padà. Títì Ìkòròdú fẹ̀ sí i, wọ́n ṣí afárá kẹta ní 1990, ọkọ̀ BRT bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 ní 2008. Igbó tó wà láàárín Ìkòsí àti Kétu di ilé alájà méjì-méjì. Ewé tí ó máa ń hù lẹ́yìn ilé wá di ohun tí à ń rà, tí wọ́n ń kó dé láti òkèèrè nínú àpò, ó ti rọ kó tó délẹ̀. Nígbà tí ẹni tí ó ń tà á kò mọ ẹni tí ó já a, tí ẹni tí ó ń mu ún kò sì mọ ẹni tí ó ń tà á, òdiwọ̀n ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Ibẹ̀ ni pàrágà ti wọlé. Ẹ ó rí wọn ní gáréèjì láti Ọjọ́tà dé Mile 12, ìgò lórí tábìlì, àgbo jẹ̀dí, àgbo ibà, àgbo ẹ̀yìn dídùn, ife kékeré kan fún gbogbo ènìyàn, awakọ̀ àti agbérù bákan náà. Ògógóró ni wọ́n fi rẹ ẹ́. Ti harámù inú rẹ̀ kò le láti mọ̀, pípè é ní oògùn kò sì yí i padà. Àmọ́ kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ ọ̀nà mìíràn: omi lásán ni wọ́n fi ń se púpọ̀ nínú àgbo, omidùn tí ó wà lórí ọ̀gì ni wọ́n fi ń rẹ èyí tí ó kù. Ẹni tí ó ń sọ pé kò sí àgbo láìsí ọtí, ọjà ló ń tà.

Ní oṣù April 2015, ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, àwọn ènìyàn dédé bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́jú, orí ń fọ́ wọn, wọn kò mọ ẹni mọ́, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó lé ní 15 tí ó kú. Wọ́n ní òrìṣà kan ló ń bínú. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọtí tí wọ́n mu ló ní methanol nínú, èyí tí kì í ṣe ọtí ènìyàn rárá. Kò pẹ́ tí irú rẹ̀ tún pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Kí àwọn tí wọ́n ń fi ilé ìpoògùn yangàn náà má sì yára rẹ́rìn-ín: ní ìparí 2008 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2009, oògùn ehín ọmọ tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́, tí wọ́n lẹ orúkọ mọ́ lára, My Pikin, pa ọmọ 84 ní Nàìjíríà, nítorí pé èròjà kan tí ó jẹ́ májèlé wọ inú rẹ̀. Wọ́n tọpa rẹ̀ dé ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ta ni a ó tọpa ife pàrágà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?

Ìjọba kò sùn pátápátá. Ní 1978, àjọ ìlera àgbáyé pe ìpàdé sí Alma-Ata, wọ́n fẹnu kò pé àwọn onísègùn ìbílẹ̀ lè ní ipa nínú ètò ìlera tí wọ́n bá kọ́ wọn dáadáa. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní 1980, Ìpínlẹ̀ Èkó dá ìgbìmọ̀ ìṣègùn ìbílẹ̀ sílẹ̀ láti máa forúkọ wọn sílẹ̀. NAFDAC dé ní 1993, àwọn ni wọ́n ń fún àgbo inú ìgò ní nọ́ńbà. Ẹ máa wo nọ́ńbà yẹn, kí ẹ sì mọ ohun tí ó ń sọ: ó máa ń sọ lọ́pọ̀ ìgbà pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò pé kò ní májèlé, kò sọ pé ó ń wo àìsàn tí wọ́n kọ sí i lára.

Iṣẹ́ tí ó kù fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa kò nílò owó púpọ̀. Àwọn ìyá àgbà tí wọ́n mọ Kétu nígbà tí ó ṣì jẹ́ oko kò pọ̀ mọ́. Ẹ mú ìwé àti kálámù lọ bá wọn. Orúkọ ewé nìkan kò tó, nítorí pé orúkọ kan lè jẹ́ ti ewé méjì láti ìlú kan sí èkejì. Ẹ já ewé náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ gbẹ sáàárín ìwé ìròyìn, kí onímọ̀ ewéko Fásitì Èkó lè dá a mọ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá ewé ni tàbí èèpo tàbí egbò, mélòó, omi mélòó, ó ṣe pẹ́ tó lórí iná, ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ń mu ún. Ẹ bi wọ́n ní pàtàkì ẹni tí kò gbọdọ̀ mu ún. Ìyẹn ni àwọn aláró àgbo kì í sọ lórí rédíò. Kí ẹ tún béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n fẹ́ kí orúkọ àwọn wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì ka ohun tí ẹ kọ sí wọn létí kí ẹ tó kúrò. Ẹni tí ó bá ń lọ sí Àgbóyì, kí ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní àárọ̀ kùtù lẹ́yìn ìrun subhi, kí àwọn ìyá wọ̀nyẹn tó jáde lọ sọ́jà.